Àga Ni, Kì í Ṣe Jẹ̀dí

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ẹ̀yin èèyàn wa ní Àkùngbá tó wà láàárín ìlú méjèèjì nílẹ̀ Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó bá jẹ́ orí àga lẹ wà báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde dúró kẹ́ ẹ tó máa ka èyí lọ. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ dìde ná.

Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ọ́fíìsì tó ṣí, ẹ lọ dúró síbi tí àwọn ìyá alágbo ń pàtẹ sí nítòsí gáréèjì Ìkàrẹ́, kẹ́ ẹ wo àwọn tó ń yà síbẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àgbẹ̀ àti awakọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní báyìí, ẹ ó rí ọkùnrin tó de táì mọ́rùn, ẹ ó rí olùkọ́ tó gbé báàgì kọ́ èjìká, ẹ ó rí ọ̀dọ́ tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń tọrọ: "Ìyá, ẹ bá mi bu ti jẹ̀dí." Tí ìyá bá bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n, wọ́n á fọwọ́ ti ìbàdí. Ẹ̀yìn ń ro wọ́n. Ìdí ń dùn wọ́n. Tí wọ́n bá fẹ́ dìde, ńṣe ló ń dà bíi pé wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyá á bu kọ́ọ̀bù kan fún wọn, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á fajú ro, wọ́n á sanwó, wọ́n á sì tún lọ jókòó fún wákàtí mẹ́wàá gbáko.

N kò bá àwọn ìyá wa jà. Ohun tí oníbàárà bá ní ó ń ṣe òun ni wọ́n ń bu oògùn sí. Àwa oníbàárà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní jẹ̀dí lónìí kì í ṣe jẹ̀dí. Àga ni.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ni jẹ̀dí gan-an, ìyẹn kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ihò ìdí wú, kó máa yọ síta, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀ nígbà mìíràn. Ọjọ́ pẹ́ tá a ti ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ṣúgà. Àmọ́ ohun tó ń fà á jù ni kéèyàn máa fipá yàgbẹ́ torí pé ìgbẹ́ le, kéèyàn má mumi tó, kó má jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, kó sì máa jókòó pẹ́. Jíjókòó pẹ́ nílé ìgbẹ́ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, kó má ṣe fi agbo tàn ara rẹ̀ jẹ. Kó lọ rí dókítà, torí jẹjẹrẹ ìfun náà lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀yìn ríro, èyí tó pọ̀ jù láàárín wa. Egungun ẹ̀yìn wa dà bí ìgbà tí wọ́n to ẹrù kéékèèké léra wọn, tí wọ́n sì fi òṣùká sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa họ ara wọn. Òṣùká yẹn kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ wá fún un bí ẹran ara yòókù. Nígbà tá a bá ń rìn, tá a bẹ̀rẹ̀, tá a nà ró, omi ara á máa wọ inú rẹ̀, á sì máa jáde, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí oúnjẹ jẹ. Tá a bá wá tẹ̀ síwájú lórí kọ̀ǹpútà látàárọ̀, tá a na ọrùn bí ìjàpá, ojú kan ṣoṣo la ń tẹ òṣùká náà mọ́. Ẹran ẹ̀yìn á dì gan-gan, ẹran ìbàdí á sùn. Nírọ̀lẹ́, tá a bá fẹ́ dìde, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Kò sí ewé kankan nínú ìgò tó lè bá wa dìde lórí àga.

Ẹ tún wo ẹsẹ̀ yín. Bàtà tó wọ̀ yín dáadáa láàárọ̀, kí ló dé tó fi ń há yín nírọ̀lẹ́? Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, àmọ́ láti dá a padà sókè, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń bá ọkàn ṣe é. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀, ẹran yẹn á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á gòkè. Tí ẹsẹ̀ bá dákẹ́ sábẹ́ tábìlì fún wákàtí mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ àti omi á rọ̀ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á wú. Ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ náà, ẹran tó ń ṣiṣẹ́ ló máa ń gbà á lò jù. Ẹran tó bá jókòó kì í gbà á bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà àtọ̀gbẹ ti ń là díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àga yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1953, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Jerry Morris, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ The Lancet. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì nílùú London ni wọ́n yẹ̀ wò. Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nígbà náà nìyí: awakọ̀ á jókòó sídìí ọkọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kọ́ńdọ̀ á sì máa gun àtẹ̀gùn lọ sókè, á máa sọ̀ kalẹ̀, á máa gbowó, á máa já tíkẹ́ẹ̀tì. Ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà. Síbẹ̀ àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ ju kọ́ńdọ̀ lọ, tó bá sì mú kọ́ńdọ̀, kì í tètè mú un, kì í sì í le bíi ti awakọ̀. Morris fúnra rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbọ́. Ẹni ọdún 99 ni nígbà tó kú lọ́dún 2009.

Àwọn bàbá àti ìyá wa nílẹ̀ Àkókó, kọ́ńdọ̀ ni wọ́n. Àwa ti di awakọ̀. Ẹ bi àwọn àgbà Òkè-Ọ̀kà léèrè bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sóko, tí wọ́n tún ń ru iṣu gòkè padà lórí òkúta tó ń dán lẹ́yìn òjò. Ìyá ìyá mi ń fi ọwọ́ kan di ẹrù mú lórí, wọ́n á fi ọwọ́ kejì fà mí. Bí mo bá ní ó rẹ̀ mí, wọ́n á ní, "Má dúró, tó o bá dúró ni yóò rẹ̀ ọ́." Lónìí, láti gáréèjì dé ilé tí kò ju ibi tí ohùn lè dé lọ, ọ̀kadà là ń pè.

Kò sẹ́ni tó ní ká padà sóko. Iṣẹ́ orí àga kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì mọ́ nílẹ̀ wa, iṣẹ́ iyì sì ni. Ọmọ Ọ̀kà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajayi Boroffice tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gbalasa òfuurufú nígbà tí Nàìjíríà fi sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ rẹ̀, NigeriaSat-1, ránṣẹ́ sójú sánmà lọ́dún 2003. Látìgbà tí wọ́n sì ti gbé yunifásítì tí à ń pè ní Adekunle Ajasin University lónìí kúrò ní Adó-Èkìtì wá sí Àkùngbá lọ́dún 1999, ẹ wo bí àwọn ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà ṣe to lọ bẹẹrẹbẹ lójú ọ̀nà. Ẹ ka àwọn òṣìṣẹ́ sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà mọ́ wọn, ẹ ka àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì, àwọn olùkọ́, àwọn atún-fóònù-ṣe, àwọn oní-POS abẹ́ agbòòrùn, àti àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń jókòó nínú yàrá wọn ṣiṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará òkè òkun. Ẹ ó rí i pé ọ̀kẹ́ àìmọye wa ló ń fi ìdí jẹun.

Mo mọ ọmọbìnrin kan tó ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan tí mò ń dúró de ìwé mi. Àga oníke ló jókòó lé, irú èyí tí wọ́n ń lò níbi ìnáwó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti sán, wọ́n fi wáyà dì í. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ débi pé àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Láàárín wákàtí méjì ààbọ̀, n kò rí i kó dìde rárá. Omi wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò já a. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Bàbá, tí mo bá mumi, màá fẹ́ tọ̀, kò sì sí ilé ìgbẹ́ nítòsí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dénú. Ọmọ ẹni ń fi òùngbẹ pa kíndìnrín rẹ̀ lára nítorí ilé ìgbẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba àwọn ọmọ wọ̀nyí síṣẹ́, ẹ gbọ́ mi. Àga tó ní ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ lè kanlẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ìgbéraga. Tí kò bá sówó àga tuntun, ẹ ká aṣọ tàbí tìmùtìmù sí ẹ̀yìn ìbàdí rẹ̀. Ẹ wá búlọ́ọ̀kù méjì tàbí páálí líle, kẹ́ ẹ gbé ojú kọ̀ǹpútà lé e títí tí orí rẹ̀ fi máa bá ojú òṣìṣẹ́ dọ́gba, kó má baà tẹ ọrùn ba mọ́. Ẹ bá ará ilé tó wà nítòsí sọ ọ́ kí òṣìṣẹ́ yín rí ibi tọ̀. Kí wákàtí kọ̀ọ̀kan má kọjá láìjẹ́ pé ó dìde rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Iṣẹ́ yín kò ní dín kù. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ro kì í tẹ àṣìtẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ̀rora.

Ọ̀rọ̀ iye wákàtí tún wà. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìṣirò kan jáde pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga lórí rẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu ikú àrùn ọkàn náà fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Wọ́n ní ní ọdún 2016 nìkan, nǹkan bí 745,000 èèyàn ló bá irú iṣẹ́ àṣejù bẹ́ẹ̀ lọ káàkiri ayé. Ẹ wá ṣírò ti oní-POS tó ń ṣí ní aago méje àárọ̀, tó ń pa á dé ní aago mẹ́jọ alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Wákàtí 78 nìyẹn. N kò ní sọ fún un pé kó ti ṣọ́ọ̀bù, mo mọ bí ọjà ṣe rí. Àmọ́ ó lè bá ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣàdéhùn pé kí wọ́n máa gba ara wọn sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sàn-án. Ó lè dúró fún oníbàárà dípò kó jókòó. Ó lè máa fi ẹsẹ̀ rìn wálé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Ọ́fíìsì kan ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nídìí ìwé àti kọ̀ǹpútà. Orí ń fọ́ mi láràárọ̀. Ibà ni mo pè é. Mo ra oògùn ibà, mo lò ó. Mo tún rà, mo tún lò ó. Nígbà tí ẹ̀yìn náà dá sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn ara ríro ní kẹ́míìsì, mo sì ń fi agbo lé e. Ọjọ́ Sunday kan, nọ́ọ̀sì kan tó ń sìnrú ìlú gbé ẹ̀rọ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí gbogbo wa wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Mo fẹ́ yẹra fún un. Ìyàwó mi ló dì mí lápá. Nọ́ọ̀sì náà wọ̀n ọ́n, kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí n sinmi díẹ̀. Ó tún wọ̀n ọ́n. Ó wá rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, 174 lórí 108 ni. Ṣé ẹnì kankan ti sọ fún yín rí?" Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Ara mi kò sì sọ ọ́, yàtọ̀ sí orí fífọ́ tí mo ti fún lórúkọ mìíràn.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, táwọn aráàlú ń sọ pé ayé ló ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò wọ̀n rí ló ṣe é. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lágbára tó létí àwọn kan. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná, ká tó máa wá ọ̀tá kiri.

Bẹ́ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá wà nísàlẹ̀ 120 lórí 80, ẹ dúpẹ́. Tó bá ń tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ó ti di ti dókítà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìkàrẹ́, tàbí ti Ìwárò-Ọ̀kà, tàbí ìbùdó ìlera àdúgbò yín. Ọ̀rọ̀ tó bá le, wọ́n á darí yín sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Tí wọ́n bá fún yín lóògùn, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara ti yá. Oògùn yẹn ló jẹ́ kí ara yá. Ẹ sì sọ fún dókítà gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń mu, àtagbo àtoògùn ara ríro. Diclofenac àti ibuprofen tí à ń rà bí ẹní ń ra sùwíìtì, tá a bá sọ wọ́n di oúnjẹ, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n lè dá egbò sínú ikùn, wọ́n sì ń ti ìfúnpá sókè fúnra wọn. Èyí tí mò ń lò fún ẹ̀yìn ń dá kún ohun tó ń fọ́ mi lórí, n kò mọ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn ìjọ wa, Mùsùlùmí àti Kristẹni. Kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan àti ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ra ẹ̀rọ ìwọnfúnpá kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ kò tó owó agbòhùnsókè kan. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wa, a mọ ilé wọn. Kí wọ́n máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìsìn, kí ẹni tó bá ń jáde máa nawọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kì í lọ ilé ìwòsàn ń lọ ilé ìjọsìn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo orí tábìlì wa. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń mú wá sí agbègbè wa: ibà Lásà. Láti ọdún 1969 tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá ibà Lásà mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno, kò lọ mọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń mú jù ní Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ àti Àkókó sì ti jẹ nínú ìyà rẹ̀. Èkúté ló ń gbé e kiri, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Báwo ni èyí ṣe kan òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì? Ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì yín. Ẹ ó bá gàrí tí wọ́n fi ọ̀rá di ẹnu rẹ̀, ẹ̀pà, ègé búrẹ́dì àná. Lálẹ́, tẹ́ ẹ bá tilẹ̀kùn lọ, ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Láàárọ̀, ẹ ó bu omi sí gàrí yẹn, ẹ ó mu ún.

Ẹ má fi oúnjẹ sùn ní ọ́fíìsì. Èyí tí kò bá ṣeé gbé lọ, ẹ kó o sínú ike tàbí agolo tí ideri rẹ̀ le. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbá ìgbẹ́ èkúté, ẹ má sì gbá a ní gbígbẹ kó má baà fẹ́ sínú imú; ẹ da omi tí ẹ fi blíìṣì sí lé e lórí kí ó rin ná. Tí ibà bá mú yín tí oògùn ibà kò ràn án láàárín ọjọ́ méjì, ẹ má máa pààrọ̀ kẹ́míìsì kiri. Ẹ lọ sílé ìwòsàn. Oògùn Lásà tó wà máa ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní in.

N kò ní sọ fún ará Àkókó pé kó má jẹ iyán. Iyán wa kò ṣẹ̀ wá. Òkìtì iyán tí bàbá àgbẹ̀ ń jẹ kó tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè, òun là ń jẹ ká tó lọ jókòó, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ dín òkìtì kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ kún ọbẹ̀. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́sàn-án, ẹ jẹ ọsàn àti ìbẹ́pẹ tó ń rà mọ́lẹ̀ ní ọjà wa. Iyọ̀ tí àgbàlagbà lè jẹ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 5 lọ, ìyẹn síbí ìmutíì kan, èyí tó wà nínú màgí sì wà nínú ìṣirò yẹn. Mínírà ìgò kékeré kan lè ní ju gíráàmù 30 ṣúgà lọ. Omi ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń fi òru ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ló kàn. Mo mọ̀ pé tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní New York, ó ti di aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá alẹ́ lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ yín kò sì tíì tán. Owó tẹ́ ẹ ń rí ń tọ́ àwọn òbí yín, a dúpẹ́. Àmọ́ àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán láàárín ọ̀sán àti òru kan. Ẹ yan wákàtí kan pàtó, kó má yẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀sán lẹ máa sùn, ẹ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ẹ bẹ ará ilé pé kí wọ́n má pè yín. Ẹ fi fóònù sí yàrá mìíràn, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Àwọn ohun mímu inú agolo tó ń léni lóorun kì í fúnni lágbára. Ńṣe ni wọ́n ń yá oorun ọ̀la, tí wọ́n sì ń mú kí àyà máa já. Ní ti jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ má gbé e sínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má gbé e sí ìdí fèrèsé. Afẹ́fẹ́ tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó bá mú lójú oorun lè má jí mọ́.

Ní ti ojú, Ọlọ́run ti ṣe tiwa tán. Tá a bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, a kì í ṣẹ́jú tó, ojú á gbẹ, á máa ta. Àwọn oníṣègùn ojú ní lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kéèyàn gbójú kúrò, kó wo ohun tó jìnnà tó nǹkan bíi mítà mẹ́fà fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ará Èkó á máa wá ohun tó máa wò. Àwa ńkọ́? Òkè yí wa ká. Ẹ yí àga yín kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ gbójú sókè, ẹ wo òkúta. Kí ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún sì lọ jẹ́ kí wọ́n wo ojú rẹ̀ dáadáa, kó má kàn ra awò lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Àrùn ojú glaucoma wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kì í ro ni, ìríran tó bá sì ti mú lọ kì í padà.

Ó ku ti ìrìn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ìrìn kánmọ́kánmọ́ tí ẹ ṣì fi lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí ẹ kò lè kọrin, ìyẹn ti tó fún ìlera. Ẹ lè gé e sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rìn ín lójú títì Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́, pàápàá níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀ wọ Àkùngbá. Ìyà tí tírélà ti fi jẹ wá níbẹ̀ tó. Inú àdúgbò ni kẹ́ ẹ ti rìn, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá kì í gbà. Ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ẹ bá wa ro ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń ro ti ọ̀nà ọkọ̀.

Èmi ń rìn báyìí. Ìfúnpá mi wà ní 128 lórí 82 nígbà tí mo wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, pẹ̀lú oògùn tí dókítà fún mi àti bàtà tí mo fi ń gun òkè. Sátidé Sátidé ni mo máa ń lọ sí Ọ̀kà, láti ìsàlẹ̀ dé Òkè-Ọ̀kà, ojú ọ̀nà tí mo bá ìyá àgbà gùn. A bẹ̀rẹ̀ ní àwa méjì, a ti di mẹ́sàn-án: olùkọ́ méjì, òṣìṣẹ́ báǹkì kan, ọmọ oníkọ̀ǹpútà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, àtàwọn mìíràn. Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń gbéra, kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tó ní okùn, torí òkúta ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ gbé omi dání. Tẹ́ ẹ bá sì ní ẹ̀rọ ìwọnfúnpá nílé, ẹ bá wa mú un wá, torí òkúta pẹrẹsẹ kan wà lókè níbẹ̀ tá a máa ń jókòó lé kí èémí tó balẹ̀.